Ọwọ́ Wa Ti Dé Inú Kọfí Kí Ẹnu Wa Tó Dé E

Bí ènìyàn bá jókòó sí ẹnu ibodè Ìgólò ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, yóò rí ohun kékeré kan tí ó ní ìtàn ńlá nínú. Ní apá ti Benin, ẹni tí ń ta oúnjẹ àárọ̀ yóò bi oníbàárà rẹ̀ pé: "Ṣé kafé ni ẹ ó mu?" Ní apá kejì, ní Ìdí-Ìrókò, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà yóò béèrè pé: "Ṣé tíì ni kí n pò fún yín?" Omi gbígbóná kan náà ni, wàrà inú agolo kan náà ni, ṣúgà kan náà ni. Yorùbá sì ni àwọn méjèèjì fi ń tajà. Síbẹ̀ ọ̀kan ń pe ohun mímu òwúrọ̀ ní orúkọ tí ó gbọ́ lẹ́nu Faransé, èkejì ń pè é ní orúkọ tí ó gbọ́ lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìhà Nàìjíríà, orúkọ náà "tíì" tilẹ̀ gbòòrò débi pé wọ́n fi ń pe ohun mímu oníkòkó inú agolo pẹ̀lú.

Àwa ará Ìfọ̀nyìn, tí àwọn Faransé kọ orúkọ ìlú wa sílẹ̀ ní Ifangni, wà ní ojú ààlà yìí. A mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí a pín ìdílé kan sí abẹ́ ìjọba méjì. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé ààlà náà wọ inú ife tí a fi ń mu nǹkan ní òwúrọ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ kọfí títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, kí n sì sọ̀rọ̀ nípa ohun èlò kan tí ó rọrùn, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní cafetière à piston. N ó máa pè é ní ìkòkò àfọwọ́tẹ̀, nítorí ọwọ́ ni a fi ń tẹ asẹ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ìdí tí mo fi so ìtàn náà mọ́ ìkòkò yìí ni pé fún nǹkan bí igba ọdún, ọwọ́ àwọn ènìyàn wa ti wà nínú iṣẹ́ kọfí, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń mu ún. Ìgbà tí ó padà wá bá wa, inú agolo ni ó wà, ní ìyẹ̀fun, a kò sì dá a mọ̀ mọ́.

Obì ni ó kọ́kọ́ wà

Kí a má ṣe rò pé kí kọfí tó dé, àwọn baba wa kò ní ohun tí ń lé oorun lọ. Obì àbàtà àti gbànja wà. Ọdẹ tí ń ṣọ́ ẹran lóru, arìnrìn-àjò tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, àgbà tí ń gbẹ́jọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, gbogbo wọn ni ó mọ agbára obì. Ní nǹkan bí ọdún 1820, Friedlieb Ferdinand Runge, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, yọ èròjà kan jáde láti inú kọfí, èyí tí a wá mọ̀ sí kafeínì. Èròjà yìí kan náà ni ó wà nínú obì. Nítorí náà, nígbà tí kọfí dé, kì í ṣe agbára rẹ̀ ni ó jẹ́ àjèjì sí wa. Ọ̀nà tí a ń gbà jẹ ẹ́ ni ó jẹ́ àjèjì: obì ni a ń pa, tí a ń pín, tí a sì ń fi ṣe àdúrà, kọfí ni a ń yan, tí a ń lọ̀, tí a sì ń fi omi gbígbóná yọ adùn inú rẹ̀ jáde.

Láti Etiópíà dé Brasil

Ilẹ̀ Áfíríkà ni kọfí ti wá. Igbó orí òkè ní Etiópíà ni orísun irú kọfí tí a ń pè ní arabica. Ní ọ̀rúndún 15, àwọn Mùsùlùmí onísúfì ní Yemen ti ń mu ún kí wọ́n lè wà lójúfò nínú ìjọ́sìn òru. Ó gba ọ̀dọ̀ wọn dé Mẹ́kà àti Káírò. Ní àárín ọ̀rúndún 16, ilé kọfí ti wà ní Istanbul. Ní 1686, Francesco Procopio dei Coltelli, ará Sicily, ṣí ilé kọfí kan sílẹ̀ ní Párís tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní: Café Procope.

Bí àwọn aláwọ̀ funfun ti fẹ́ràn kọfí tó, ilẹ̀ wọn tutù jù fún un. Wọ́n wá ilẹ̀ tí oòrùn wà, wọ́n sì wá ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1720, Gabriel de Clieu gbé ọ̀dọ́ igi kọfí lọ sí Martinique. Ní 1727, Francisco de Melo Palheta mú un láti Guyane ti Faransé wọ Brasil. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé wa.

Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ wó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan. Wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa gba èbúté Ouidah, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó lọ sí òkè òkun. Bahia ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gúnlẹ̀ sí. Ní àkókò yìí gan-an ni kọfí ń di ọ̀gá ọjà Brasil, pàápàá ní àfonífojì odò Paraíba, lẹ́yìn Rio de Janeiro. Ní 1850, Brasil fi òfin de kíkó ẹrú wọlé láti Áfíríkà. Àwọn olóko kọfí kò jáwọ́. Inú Brasil fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ènìyàn, wọ́n sì ń kó àwọn ẹrú láti ìhà àríwá, títí kan Bahia, lọ sí oko kọfí ní gúúsù. Ọdún 1888 ni oko ẹrú tó dópin níbẹ̀.

Àwọn kan rà ara wọn padà, wọ́n sì wá sílé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bahia ní 1835. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Wọ́n tẹ̀dó sí Àgọ̀ué, Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó, wọ́n mú iṣẹ́ ilé kíkọ́, iṣẹ́ káfíńtà àti oríṣìí oúnjẹ tiwọn wá. Ẹni tí ó bá wo mọ́sálásí àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, yóò rí ọwọ́ wọn níbẹ̀. Ilẹ̀ tí kọfí ti jọba ni wọ́n ti dé. Bí a bá ń kọ ìtàn kọfí nílẹ̀ Yorùbá, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn gómìnà amúnisìn. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n fi òógùn ojú wọn rin oko ẹlòmíràn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ.

Agége, Niaouli, àti ààlà

Ní 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ohun ọ̀gbìn kan sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta ní Èkó, láti máa dán irúgbìn tí ó lè mówó wá wò. Kọfí wà lára wọn. Àwọn àgbẹ̀ ọlọ́kọ ńlá tí wọ́n wà ní Agége gbin kọfí, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé ní òpin ọ̀rúndún náà. Wọ́n yí ọwọ́ padà sí kòkó àti obì, kòkó sì gba ilẹ̀ Yorùbá ti ìhà Nàìjíríà lọ́wọ́ kọfí pátápátá. Síbẹ̀ kọfí kò parẹ́: àwọn ará Kábbà, ní ilẹ̀ Òkun, ń gbìn ín, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà tí ó wà ní Ìbàdàn sì ní kọfí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó fa ààlà láti etí òkun lọ sí òkè. Ìlà náà la ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn kọjá láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ifangni bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ ìlú kejì yìí kò nílò òpìtàn kí ó tó mọ̀ pé ìbátan ni wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láti 1889 sí 1945, fi hàn bí owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìhà Faransé sọdá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso.

Ní Dàhómì, ọ̀pẹ ni ìjọba náà gbájú mọ́, pàápàá ní àgbègbè tiwa. Ní 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, wọ́n ti ní ọgbà ìdánwò mìíràn ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Allada. Niaouli ni orúkọ abúlé náà. Irú kọfí kan tí ó jẹ́ ẹ̀yà Coffea canephora, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí robusta, ni ó gba orúkọ abúlé yìí. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti tàn ká Dàhómì àti Tógò. Títí di òní, bí àwọn onímọ̀ nípa kọfí ní orílẹ̀-èdè yòówù bá ń to oríṣìí robusta lẹ́sẹẹsẹ, wọn yóò dárúkọ Niaouli. Ní Tógò, ní àwọn òkè tí ó yí Kpalimé, Badou àti Atakpamé ká, níbi tí àwọn ará wa tí ń sọ èdè Ifẹ̀ ń gbé, kọfí jẹ́ irè oko pàtàkì tí wọ́n fi tọ́ ọmọ.

Mélòó nínú àwa tí a ń gbé ní Benin ni ó mọ̀ pé abúlé kan nílẹ̀ wa ni a fi sọ kọfí kan lórúkọ? A mọ orúkọ tí ó wà lára agolo. A kò mọ èyí tí ó wà lára igi. Nígbà náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ dúró lórí kí ó ká èso, kí ó sá a, kí ó bó o, kí ó sì gbé e fún oníṣòwò tí yóò kó o lọ sí èbúté. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń yan án. Kò sí ẹni tí ó fi ohun èlò tí a fi ń pò ó lé e lọ́wọ́. Bí ọwọ́ ṣe wà nínú kọfí tí ẹnu kò sì dé e nìyẹn.

Bí kọfí ṣe padà wá nínú agolo

Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé àgbáyé wó ní 1929, kọfí pọ̀ jù ní Brasil débi pé wọ́n ń dáná sun ún. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Nestlé ní Switzerland bóyá ó lè wá ọ̀nà tí kọfí kò fi ní bàjẹ́. Max Morgenthaler àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ náà fún ọdún bíi mélòó kan. Ní 1938, Nescafé jáde: kọfí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n gbẹ omi inú rẹ̀ di ìyẹ̀fun. Ogun Àgbáyé Kejì ló gbé e káàkiri, nítorí pé ó wà lára oúnjẹ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà.

Ìyẹ̀fun yìí bá ìgbésí ayé wa mu. Kò béèrè asẹ́, kò béèrè ẹ̀rọ ìlọta. Ṣíbí kan àti omi gbígbóná ti tó. Nítorí náà ni ó fi gba ìdí àwọn kaféteríà etí ọ̀nà láti Kútọnù dé Pobè. N kò bá a jà. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ la òru ìdánwò já, ó sì ti fún ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọ̀dọ́mọkùnrin ní òwò. Ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Robusta ni wọ́n ń lò jù fún irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, nítorí iye rẹ̀ kò wọ́n, ohun tí omi ń rí fà jáde nínú rẹ̀ sì pọ̀. Irú igi tí ń so ní Niaouli àti ní òkè Tógò ni. Ohun tí àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tà ní àpò lè ti ẹ̀rọ kọjá, kí ó sì padà sí ọjà wa ní agolo, ní owó mìíràn àti orúkọ mìíràn.

Ìtàn ìkòkò àfọwọ́tẹ̀

Kí ni ènìyàn lè fi pò kọfí oníhóró nílé láìní iná mànàmáná àti láìná owó ńlá? Ọ̀nà pọ̀. Ní 1908, Melitta Bentz, ìyàwó ilé kan ní Dresden ní Jámánì, ya bébà inú ìwé ọmọ rẹ̀, ó fi sẹ́ kọfí, ó sì dá òwò ńlá sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ní 1933, Alfonso Bialetti ní Ítálì mú ìkòkò kékeré orí iná jáde. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ilé wa mu jù lọ, lójú tèmi, ni ìkòkò àfọwọ́tẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1852, àwọn ará Párís méjì, Mayer àti Delforge, gba ìwé ẹ̀tọ́ tí àwọn Faransé ń pè ní brevet lórí ohun èlò kan: ọ̀pá kan tí awo irin oníhò wà ní ìdí rẹ̀, tí aṣọ irun àgùntàn sì wà lókè àti nísàlẹ̀ awo náà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ wọ inú ìkòkò, kọfí lílọ̀ yóò wà nísàlẹ̀, omi rẹ̀ yóò wà lókè. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n etí awo náà kò fi ara mọ́ ìkòkò dáadáa, ìdọ̀tí kọfí sì ń gba ẹ̀gbẹ́ sá jáde. Ní 1929, Attilio Calimani àti Giulio Moneta, àwọn ará Ítálì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èyí tí ó sàn jù: wọ́n fi irin tí ń nà tí ó sì ń sún yí etí asẹ́ náà ká, kí ó lè máa fi ara ra ògiri ìkòkò bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Ní 1958, Faliero Bondanini gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó sì ń ṣe fèrè klarinẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Faransé ni ó ń ṣe é. Wọ́n pè é ní Chambord, bíi ààfin ńlá ti àfonífojì odò Loire. Ilé-iṣẹ́ Bodum ti Dẹ́nmáàkì ni ó gbé e kárí ayé lẹ́yìn náà.

Ẹ kíyèsí i pé kò sí ohun kan nínú ìkòkò yìí tí ó ṣàjèjì sí obìnrin Ìfọ̀nyìn. Èdè wa ti ya àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀ sọ́tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àgbo kan wà tí a ń sè, òmíràn wà tí a ń rẹ. Ẹni tí ó bá se èyí tí ó yẹ kí ó rẹ, ó ti bà á jẹ́. Ògì ni a ń sẹ́, gbágùúdá tí a ti rin ni a ń tẹ̀ kí omi rẹ̀ lè jáde. Rírẹ, sísẹ́ àti títẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ìkòkò yìí. Ẹni tí ó bá ti ṣe gàrí rí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà.

Bí a ṣe ń lò ó

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara kọfí fúnra rẹ̀. Kọfí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ni ó dára jù, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn yíyan. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀, ọ̀rinrin sì pọ̀ ní àgbègbè wa. Nítorí náà, inú ohun tí ó ní ọmọrí tí ó dé pinpin ni kí ó wà, níbi tí oòrùn kò ti ní kàn án. Ẹni tí ó bá rí hóró tútù rà lè yan án nínú ìkòkò irin bí a ti ń yan ẹ̀pà, kí ó máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Yóò kọ́kọ́ pọ́n bí igi, yóò máa ta pá-pá, lẹ́yìn náà ni yóò dúdú. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó dúdú bí èédú, nítorí pé èédú ni yóò dùn mọ́ ẹnu.

Lílọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Kí ó hóró bíi gàrí tí kò kúnná. Kí ó má ṣe rí bí èlùbọ́. Bí ó bá kúnná jù, yóò gba ihò asẹ́ kọjá, yóò korò, yóò sì mú kí títẹ̀ ṣòro. Ẹ̀rọ ìlọta kékeré tí a ń fi ọwọ́ yí ni ó dára jù. Ẹni tí ó bá jẹ́ odó ni ó ní, kí ó gún un díẹ̀díẹ̀, kí ó sì fi asẹ́ kù ú kí ìyẹ̀fun kíkúnná lè bọ́ sọ́tọ̀. Ẹ má ṣe gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Òórùn ata kì í fi kọfí sílẹ̀.

Ìwọ̀n tí ó yẹ ni gíráàmù 60 kọfí sí lítà 1 omi. Fún ìkòkò kékeré tí ó gba mìlílítà 350, gíráàmù 20 tàbí 21 ti tó, èyí tí ó súnmọ́ ṣíbí ìjẹun mẹ́rin tí kò ga. Kí omi náà mọ́. Omi tí ń rùn kò lè ṣe kọfí tí ń ta sánsán. Ẹ jẹ́ kí ó hó, kí ẹ sì gbé e kúrò lórí iná fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí ó lè wà láàárín ìwọ̀n ooru 92 sí 96. Fún robusta, tí ó máa ń korò ju arabica lọ, tí kafeínì inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, ẹ lè dúró díẹ̀ sí i kí ó lọ sí nǹkan bí 90. Ohun tí ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé kọfí ilẹ̀ wa korò jù ni pé wọ́n sè é lórí iná bí àgbo ibà.

Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ ṣan ìkòkò náà kí ó lè gbóná, kí ẹ sì dà á nù. Ẹ da kọfí sí i. Ẹ kọ́kọ́ da omi tí yóò kàn rin ín, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí kọfí náà bá jẹ́ tuntun, yóò hó ìfófòó, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ láti ìgbà yíyan ni ó ń jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ìyókù omi sí i, kí ẹ fi ṣíbí igi rò ó lẹ́ẹ̀kan, nítorí ṣíbí irin lè fọ́ ìkòkò onígíláàsì. Ẹ dé e, kí ẹ má ṣe tíì tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni kí ó fi rẹ.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní pẹ̀lẹ́ àti ní òró. Ọwọ́ yín yóò sọ bí ẹ ti lọ̀ ọ́ fún yín. Bí ó bá wọlẹ̀ láìsí agídí kankan, kọfí náà hóró jù. Bí ó bá le, ó kúnná jù. Ẹ má ṣe fi agbára tẹ̀ ẹ́, nítorí omi gbígbóná lè ta jáde kí ó sì jó yín lára. Ẹ fà á sókè díẹ̀, kí ẹ sì tún un tẹ̀. Bí ó bá ti dé ìsàlẹ̀, ẹ bù ú sínú ife lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí ó bá dúró síbẹ̀, ó ń rẹ lọ, ó sì ń korò sí i ni. Ẹ fi ẹnu díẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn sílẹ̀ nínú ife, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ tú asẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ kí ẹ sì fọ̀ ọ́, nítorí òróró kọfí tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò ta kíkan, yóò sì ba ti ọjọ́ kejì jẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Asẹ́ onírin máa ń jẹ́ kí òróró kọfí kọjá sínú ife. Òun ni ó fún un ní ara tí ó ki, ṣùgbọ́n èròjà kan wà nínú rẹ̀, cafestol, tí ó lè gbé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ga. Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ fún nípa kọlẹ́sítíróòlù, kí ó fi bébà sẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí oorun rẹ̀ bá fúyẹ́ kí ó má ṣe mu robusta ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí ó kù fún wa

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ kọfí kéré jù fún ẹgbẹ́ àṣà. N kò rò bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbàgbé pé ọwọ́ wa ti wà nínú iṣẹ́ kan, a ó máa ra á lọ́wọ́ ẹlòmíràn títí láé, a ó sì máa dúpẹ́. Àwọn baba ńlá wa ro oko kọfí ní Brasil láìgba owó. Àwọn baba wa tà á ní àpò láìmọ adùn rẹ̀. Bí àwa náà bá ń mu ún láìmọ ibi tí ó ti wá, ìran mẹ́ta ni yóò ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ ẹ́ yín. Èkíní, kí àwọn tí ó bá ní agbára rẹ̀ béèrè fún kọfí Niaouli lọ́wọ́ àwọn tí ń ti Allada àti Tógò bọ̀, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí oníbàárà kò bá béèrè, ọlọ́jà kì í kó o wá. Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ bá àwọn àgbà ní Banigbé, Daagbé, Lagbè àti Tchaada, kí wọ́n bi wọ́n bóyá igi kọfí wà lẹ́yìnkùlé ní ìgbà èwe wọn, ta ni ó gbìn ín, ta ni ó sì ń rà á. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìwé tí ọmọdé mọ̀ àti ìtàn tí àgbà mọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ pàdé. Ẹ̀kẹta, kí a fi ìkòkò kan sí ibi ìpàdé wa, kí ẹni tí ó bá ti Ìfọ̀nyìntẹ̀dó wá kí wa lè bá wa mu nínú rẹ̀.

Bí ó bá pè é ní tíì, kí a má ṣe bá a jiyàn. Kí a bù fún un, kí a sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un.